Púnkódì Lọ Fẹ́ Oníṣègùn Eyín

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, ní àjà kẹrin ilé kan ní Highbridge lókè òkun. Màmá Oyíndà, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, fọwọ́ lẹ́rán níwájú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Arúgbó kan, ọmọ ẹ̀yà Támílì, ló kọ́ ọ ní wíwo fíìmù ilẹ̀ wọn, láti ìgbà náà ni Púnkódì òṣèré ti di ọmọ rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ló gbọ́ pé Púnkódì ti lọ́kọ. Oyíndà, ọmọ tó bí gan-an, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo fóònù.

"Ta ló ṣe ìwádìí?" ni Màmá bèèrè. "Ta ló lọ wo ìdílé ọkùnrin náà?"

"Mọ́mì, àwọn òbí ẹ̀ wà ńbẹ̀."

"Èmi ńkọ́? Fíìmù mẹ́tàlá ni mo bá a sunkún." Ó wá ka àwọn tó yẹ kó jẹ́ àna òun: ọlọ́pàá tó sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ojú irin nítorí Púnkódì, apẹja tó bẹ́ sódò, olówó tó bá a jó lórí òkè títí òjò fi pa wọ́n. "Gbogbo wọn ló jìyà. Ó wá lọ fẹ́ oníṣègùn eyín."

"Iṣẹ́ ni ti fíìmù, Mọ́mì. Wọ́n ń sanwó fún un ni."

"Wọ́n ń sanwó fún èmi náà láti tọ́jú arúgbó. Ṣé irọ́ ni mò ń pa fún wọn?"

Oyíndà jókòó ti ìyá rẹ̀, ó rọra ṣàlàyé pé Anthony, ọ̀rẹ́kùnrin òun, wà nísàlẹ̀ láti bíi wákàtí kan, pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló bá wá, kí Mọ́mì jọ̀ọ́ jẹ́ kó wọlé.

"Anthony tó ń ka oògùn sínú ìgò ní ilé oògùn kan ní Fordham?"

"Òun ni."

"Mo rí i ní subway lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ ojú irin fẹ́ gbéra, kò sáré. Ó ní òmíràn ń bọ̀."

"Òmíràn sì dé. Ó sì débi iṣẹ́ lásìkò."

"Ṣé ó lè jó?"

"Rárá."

"Ṣé ó ti sunkún nítorí rẹ rí?"

"Ó ti bá mi gé àlùbọ́sà."

Màmá mirí. Inú bí Oyíndà wàyí. "Mọ́mì, Púnkódì tí ọkùnrin mẹ́tàlá jìyà nítorí ẹ̀, ta ló padà mú? Ẹni jẹ́jẹ́. Ó mọ ohun tó dáa."

"Ó mọ̀ ọ́n torí ó ti rí mẹ́tàlá. Ìwọ, mélòó lo rí kí o tó mú ọ̀kan?"

Oyíndà rò ó wò: bó bá ní wọ́n pọ̀, ó dáràn. Bó bá ní ẹyọ kan ni, Màmá á ní kò tíì mọ nǹkan kan. Ó bá dá ìbéèrè náà padà fún ẹni tó ni ín.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Mọ́mì? Mélòó lẹ rí kí ẹ tó mú Dádì?"

Màmá pa tẹlifíṣọ̀n. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wo fèrèsé, ó wo òkè àjà.

"Àwọn tí mo rí kí n tó rí bàbá rẹ, Olúwa ti dárí wọn jì mí. Pe Anthony kó máa gòkè bọ̀ kíákíá, kí o tó bi mí lórúkọ wọn."