Àsíátù Fẹ́ Ṣí Garderie

Ní Ifangni, láyé ìjọba Révolution, tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní camarade, láàárọ̀ ọjọ́ ọjà Ìgòlò. Àsíátù, ìyàwó Ràmọ́nù, ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò nínú agboolé ọkọ rẹ̀, ọmọ mẹ́fà sì jókòó lé e. Ó fẹ́ ṣí garderie, ibi tí àwọn ìyá yóò máa fi ọmọ sí kí wọ́n tó lọ ọjà. Òǹtẹ̀ délégué, aṣojú ìjọba ní ìlú, nìkan ló kù. Délégué náà ló ń wọlé bọ̀ yìí, Camarade Victorin, ó há ìwé mọ́ abíyá, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ sẹ́yìn.

"Prêt pour la Révolution!" ó kí i, bí ìjọba ṣe kọ́ gbogbo ìlú.

"La lutte continue! Ẹ káàárọ̀, Camarade Délégué. Ọmọ yìí mà yẹ yín lẹ́yìn o!"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ràfátù ìyàwó mi ti lọ ọjà, ìpàdé sì ń dúró dè mí ní District, ní ọ́fíìsì ìjọba. Jẹ́ n tètè kọ orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí n lu òǹtẹ̀, kí n fi tèmi náà sílẹ̀ fún ọ. Èyí tó ń bu iyẹ̀pẹ̀ jẹ yẹn ńkọ́?"

"Ìbàdíàrán."

"Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn?"

"Rárá o. Orúkọ tí èmi sọ ọ́ ni."

"Èyí tó jókòó tì í?"

"Eyínfúnjowó, ọkọ mi pàtàkì."

"Ìyẹn tí kò wọ ṣòkòtò?"

"Bàbá Onílé."

Victorin gbé bírò kúrò lórí ìwé.

"Àsíátù! Orúkọ ni mo ní kí o pè!"

"Ẹ̀yin náà, camarade! Ọdún méjì péré ni mo dé agboolé yìí. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Gbogbo wọn ni mo bá nílé, ọkọ mi ni gbogbo wọn. Ìyàwó wo lẹ rí tó ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ?"

"Révolution ti pa ìyẹn rẹ́! À ń kọ́ ayé tuntun, ìwọ ń bẹ̀rù ọmọ tó ń tọ̀ sára!"

"Ó tọ̀, mo nù ún. N kò ṣáà ní pe orúkọ."

"Ìyá wọn dà?"

"Wọ́n bá Ràfátù yín lọ Ìgòlò. Ẹ bi àwọn ọmọ fúnra wọn."

Victorin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí aláìníṣòkòtò.

"Camarade kékeré, kí lò ń jẹ́?"

Camarade kékeré gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi bọ ẹnu.

"Ẹ ò rí nǹkan? Bírò ló ń jẹ."

Ọmọ ẹ̀yìn Victorin bú sẹ́kún. Délégué ń jó kiri àgbàlá, ó ń gbọ̀n ọ́n.

"Àsíátù, mo bẹ̀ ọ́. Bí kò bá sí orúkọ, kò sí òǹtẹ̀. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, kò sí garderie."

"Bí kò bá sí garderie, ẹ óò pọn ọmọ lọ ìpàdé nìyẹn."

Victorin nu òógùn nù. Ó gba bírò padà, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Ó dáa. N óò kọ ọ́ bí o ṣe pè é." Ó kọ Ìbàdíàrán, ó kọ Eyínfúnjowó, ó kọ ọ́ títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi pé. "Ṣùgbọ́n orúkọ gidi ni n óò kọ fún ọmọ tèmi! Ó yẹ kí ẹnì kan fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ ní ìlú yìí."

"Ìyẹn dára. Òun kì í ṣe ọkọ mi, mo lè pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Victorin wo ọ̀nà Ìgòlò, ó wo ọ̀nà Lagbé.

"Camarade?"

"Ṣé o rí i… bàbá Ràfátù ló sọ ọ́ lórúkọ."

"Wọ́n ṣeun. Orúkọ wo?"

"Orúkọ ara wọn."

"Ti àna yín! Kí wá ni àna yín ń jẹ́?"

Ohùn délégué wálẹ̀ pátápátá.

"Àsíátù… 'Bàbá' ni mo ń pè é nílé. Bó bá ń ké lóru, màá ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má bínú.'"

Àsíátù tú ọmọ náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé e jókòó sí àárín ẹní.

"Ó ti pé. Ọkọ mi mẹ́fà, àna yín kan. Ẹ lu òǹtẹ̀, camarade, kí ẹ sì dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá kí ẹ tó lọ."