Èmi, Ọ́ńkù Táò àti Àpótí Oògùn

Ọjọ́ tí a kó àwọn ọmọ iléèwé wa láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ wo bí wọ́n ṣe ń yan gàrí ní Ìmùṣin, ọjọ́ náà ò ní tán lọ́kàn mi bọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní iléèwé wa, èmi ni mo máa ń gbé àpótí oògùn tí a bá jáde. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni àwọn ọmọ ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mi ò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbì kankan. Àfìgbà tí Alhájà tó ni iléèwé gba Ọ́ńkù Táò síṣẹ́, ọmọkùnrin kan tó kọ́ nípa ìlera ní yunifásítì tó wà ní Ìjàgùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Alhájà gba àpótí lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún un.

"Àǹtí, ẹ sinmi díẹ̀," ni Alhájà wí.

Sinmi kẹ̀! Owú jẹ mí débi pé mo gbé ògì àárọ̀ mi tì láìmu. Òjòwú ò lẹ́ran láyà, mo sì ti rù tẹ́lẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, Ọ́ńkù Táò ń bi àwọn ọmọ léèrè, ta ló ní ikọ́ fée, ta ni ẹ̀pà kì í bá lára mu. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú báàgì, mo sì ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fún mi ní aláìsàn kan péré, kí àìsàn náà má kàn le jù.

Àdúrà gbà. Bí a ṣe dé ibẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Mo sáré ṣáájú Ọ́ńkù Táò, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó lè pa kòkòrò. Igbe tí ọmọ náà ké, àwọn tó ń yan gàrí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ tó bá kọsẹ̀ á kọ́kọ́ wo ibi tí mo wà, á wá gba ọ̀dọ̀ Ọ́ńkù Táò sá lọ.

Ó dùn mí. Mo ní kí n gba iyì mi padà. Mo gba igbá lọ́wọ́ ìyá tó ń yan gàrí, mo ní, "Ẹ wò mí o! Ọmọ Ìjẹ̀bú gidi kì í bẹ̀rù agbada." Mi ò tíì pa ẹnu dé tí ọwọ́ òsì mi fi lẹ̀ mọ́ etí agbada gbígbóná. Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn, ó di ẹ̀yìnkùlé. Kí Ọ́ńkù Táò wá tọ́jú mi? Ó sàn kí ọwọ́ já.

Ẹyin tútù ni ìyá mi máa ń fọ́ sójú ibi tí iná bá ti jó wa. Adìyẹ kan ń sàba ní ẹ̀yìnkùlé náà. Mo yọ ẹyin kan lábẹ́ rẹ̀, mo fọ́ ọ sọ́wọ́. Òórùn tó jáde kò ṣeé ròyìn. Kí n tó mí, adìyẹ ti fò mọ́ mi. Mo sáré bọ́ sáàárín àwọn ọmọ, adìyẹ ń lé mi, ẹyin ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ mi. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara ẹ̀kọ́ ni.

Ọ́ńkù Táò ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ó fi omi tó mọ́ ṣan ẹyin náà kúrò, ó sì ń da omi tútù sí ọwọ́ náà lọ láìdúró.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká bọ́ òrùka yín."

"Òrùka ìgbéyàwó mi? Kò sẹ́ni tó máa bọ́ ọ!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ìka yín ti ń wú. Tí òrùka bá fún un tán, ìka yẹn lè bàjẹ́ o."

Mo wo ìka náà, ó ti pọ́n bí ata. Ẹ̀rù bà mí, mo na ọwọ́ sí i. Bó ṣe ń rọra yí òrùka náà, tí mo ń sunkún, ọmọ olórúnkún bíbó ló di èjìká mi mú, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó máa tó tán." Òrùka jáde.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gidi béèrè ẹni tó tètè da omi sí i tó sì bọ́ òrùka, ó ní ẹni náà ló gba ìka mi là. Mo fi ọwọ́ tó kù tọ́ka sí Ọ́ńkù Táò.

Lọ́jọ́ kejì, Alhájà yìn ín níwájú gbogbo iléèwé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi tí wọ́n ti fi báńdéèjì di lọ́wọ́, itan ni mo ń gbá. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé omi ni iná ń fẹ́, kì í ṣe ẹyin. Ti owú yìí ni mi ò tíì rí omi tó ń pa á. Ẹ wò ó, mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rín ń pa mí, inú ṣì ń bí mi díẹ̀.