Orí Tó Gba Ojú Fèrèsé Wọlé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Bí adìyẹ yín bá sọnù, ẹ ó pa á. Bí orí bá fọ́ yín, ẹ ó pa á, ẹ ó wá máa wo ìyá ọkọ yín níwòkuwò. Ẹ jókòó dáadáa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹ́ ló bí òwe yìí, ọ̀rọ̀ ọgbà ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já tètè sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ o, nítorí ohun tó hù nínú ọgbà náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá nìkan gbọ́.

Aránṣọ kan wà ní Ìlárá-Odò, Àríyìíkẹ́ lorúkọ rẹ̀, Ìyá Fọlárìn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, yàrá onílé ni òun àti Ládàpọ̀ ọkọ rẹ̀ ń gbé, irú ilé tó jẹ́ pé bí o bá gbin ata sínú garawa, onílé á ní kó o gbé igbó rẹ kúrò lójú ọ̀nà. Bírìkìlà ni Ládàpọ̀. Nígbà tó wá kọ́lé tiwọn, ẹ̀yìnkùlé ni Àríyìíkẹ́ kọ́kọ́ wọ̀ kó tó wo yàrá. Ó dúró lórí ilẹ̀ pupa náà, ó sunkún. Ó ní, "Ibí ni n ó dàgbà sí. Ẹnikẹ́ni ò ní lé mi kúrò níbí."

Ìyá àgbà kan wà ní ilé kejì, Ìyá Olódòdó. Òun ló fún un ní ẹ̀ka òdòdó pupa tó gbìn síwájú ilé, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bomi rin tẹ̀tẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ kò fi ní yọ síta. Àwọn méjèèjì di kòríkòsùn. Bí ọ̀kan bá se ẹ̀fọ́, á gbé abọ́ ìkejì sórí ògiri tó là wọ́n láàárín.

Ìgbá nìkan ló kù tí Àríyìíkẹ́ ń fẹ́, èyí tí à ń já ewé rẹ̀ sè, tí à ń jẹ èso rẹ̀ ní tútù. Nígbà tó ń lọ tọ́jú ìyàwó Fọlárìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó bẹ ọkọ rẹ̀: "Bàbá Fọlárìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra irúgbìn ìgbá, kí ẹ gbìn ín sábẹ́ fèrèsé yàrá wa." Ládàpọ̀ ní kó fọkàn balẹ̀. Ó rà á, ó gbìn ín, ó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí Àríyìíkẹ́ padà dé, kò rí ìgbá. Ohun tó rí ń wọ́ nílẹ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì nírun lára. Okùn tín-ín-rín kan ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń ká kò bí ìka ẹni tó ń pe èèyàn láti òkèèrè. Láàárọ̀, ìka náà á wà nílẹ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti di irin fèrèsé mú. Ó fa ara rẹ̀ gun ògiri, ó yọjú sí ilé Ìyá Olódòdó, ó yí padà, ó gun òrùlé.

"Bàbá Fọlárìn, kí lẹ gbìn síbí?"

"Ohun tó o ní kí n gbìn náà ni."

"Ta ló wá gbin èyí?"

Ládàpọ̀ wò ó títí. "Bóyá ó gbin ara rẹ̀ ni," ó wí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló da omi tútù sí obìnrin náà lọ́kàn.

Àfìgbà tí nǹkan náà yọ òdòdó. Ẹ gbọ́ mi yékéyéké! Funfun ni òdòdó náà, funfun bí aṣọ òkú. Ní ọ̀sán gangan, á dijú pa. Tí oòrùn bá ń wọ̀, tí adìyẹ ń wọlé, tí òdòdó ọmọlúàbí ń sùn, ìgbà yẹn ni tirẹ̀ ń lajú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àríyìíkẹ́ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó gbójú sókè, gbogbo fèrèsé ti kún fún ojú funfun. Ó sáré lọ fi aṣọ bo fèrèsé, ó sì kan aṣọ náà mọ́ igi. Kò tẹ ẹ̀yìnkùlé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè: ta ló mọ òdòdó jù ní àdúgbò yìí? Ó bi ara rẹ̀, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn. Bí kò ṣe kí Ìyá Olódòdó mọ́ nìyẹn. Ìyá náà gbé ẹ̀fọ́ sórí ògiri, Àríyìíkẹ́ jẹ́ kí eṣinṣin jẹ ẹ́. Ìyá náà pè é, "Ìyá Fọlárìn, kí ni mo ṣe?" Àríyìíkẹ́ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ẹ ò rí ayé bí? Ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ orúkọ nǹkan náà fún un, òun ló kẹ̀yìn sí.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, wọn á máa kan fèrèsé: kó, kó, kó.

"Ta nìyẹn?"

Lórí páànù, nǹkan kan á yí gbirigbiri, á dúró, á tún yí padà.

"Ológbò ni," Ládàpọ̀ wí lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Ológbò wo ló ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé?"

"Jẹ́ kó máa kàn án. Ṣebí kò ní kọ́kọ́rọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọkọ! Gíláàsì kan ti já kúrò lára fèrèsé yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọlé, bírìkìlà kò sì tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Kò pẹ́, aṣọ tí Àríyìíkẹ́ fi bo fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í lóyún. Lákọ̀ọ́kọ́, ó wú díẹ̀ bí ikùn ọmọ tó jẹun yó. Nígbà tó yá, ó yọ sínú yàrá rọ̀bọ̀tọ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì, ẹnikẹ́ni ò wọlé, oyún aṣọ náà ń dàgbà. Tọkọtaya náà kó ẹní lọ sí pálọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àríyìíkẹ́ ní ó tó gẹ́ẹ́. "A ó padà sí ilé onílé. Mi ò lè fi ẹ̀mí mi ra ògiri." Ó ń kó aṣọ sínú àpótí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, nítorí kò sí ibòmíràn láyé tó wù ú láti gbé. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni aránṣọ ń jẹ́. Kò lè fi aṣọ dáadáa sílẹ̀ fún ọ̀tá. Ó di ojú, ó di aṣọ fèrèsé mú, ó fà á ya kúrò lára ìṣó.

Orí kan rọ̀ jáde. Orí tútù, ó nírun jọ̀jọ̀, kò lójú, kò lẹ́nu, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ó fì wá, ó fi iwájú rẹ̀ kan iwájú Àríyìíkẹ́ pẹ́kí.

"Yéè! Orí ti wọlé o! Orí tí kò lára!"

Ìyá Olódòdó gbé àdá, ó sáré wọlé tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, àdúgbò sì tẹ̀ lé e. Ó wo nǹkan náà. Ó fi ìka kàn án: kó, kó.

"Igbá ni."

"Ìgbá? Hẹ̀ẹ́, Ìyá, ṣé bí ìgbá ṣe ń rí nìyí?"

"Mi ò pe ìgbá. Igbá ni mo ní! Igbá tí o fi ń bu omi lámù. Kékeré ló wà nígbà tó gba ojú ihò wọlé, inú ilé ló ti sanra, kò wá lè jáde mọ́."

Àwọn obìnrin méjèèjì rọra yíjú sí Ládàpọ̀ tó ti sá gun orí àpótí.

"Bàbá Fọlárìn, kí lẹ sọ fún ẹni tó ta irúgbìn?" Àríyìíkẹ́ bi í.

"Ó bi mí pé ṣé igbá ni àbí ìgbá."

"Kí lẹ wá fèsì?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni." Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Obì wà lẹ́nu mi ni."

Àríyìíkẹ́ kúnlẹ̀ gbì níwájú Ìyá Olódòdó. "Ẹ foríjì mí, Ìyá. Ẹ̀yin ni mo fura sí."

"Mo mọ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Dìde, ilẹ̀ tútù."

Ládàpọ̀ rẹ́rìn-ín ẹni tí ewu fò ru. "Ẹ ṣáà ti rí i báyìí, kò sí ọ̀tá kankan."

Àríyìíkẹ́ dìde, ó wò ó tòkètilẹ̀. "Ta ló ní kò sí ọ̀tá?" Ó nàka gba ojú ihò fèrèsé sí nǹkan tó wọ́ bo ògiri àti òrùlé níta. "Ọ̀tá nìyẹn, ẹ̀yìnkùlé ló wà." Ó wá yí ìka náà padà, ó fi í gún ọkọ rẹ̀ láyà. "Ẹni tó ṣe mí nìyí, ó ń bá mi gbé inú ilé, obì ló ń jẹ!"

Àwọn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n yọ obì kúrò nínú rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sóko, wọ́n gbé e lọ sódò. Nítorí náà, ẹ fi ìyá ọkọ yín lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń fà lábẹ́ fèrèsé yín, kí ẹ wá bi ẹni tí ẹ jọ ń sùn léèrè ohun tó gbìn. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.