Kọ́púrù Tansley Pe Ìyàwó Rẹ̀ Lẹ́jọ́ Níwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì

Ẹjọ́ kan wọ ààfin ìlú Altwedel láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lọ́dún kejì tí ogun parí. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú náà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ti sọ ààfin ọ̀hún di ọ́fíìsì, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Wraxall sì lọba ibẹ̀. Ẹni tó pẹjọ́ ni Kọ́púrù Edwin Tansley, awakọ̀ ẹrù. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Lẹ́fútẹ́náǹtì Hester Tansley, ọ̀gá rẹ̀, tó tún jẹ́ ìyàwó rẹ̀.

Ara Edwin ò balẹ̀. Hester ti wọ aṣọ rẹ̀ tó mọ́ jù lọ wá, Edwin fúnra rẹ̀ ló sì lọ̀ ọ́.

Edwin ní òfin ológun ò gbà kí ọ̀gá àti kọ́púrù gbé pọ̀. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ilé àwọn ọ̀gá ò gba ọkọ, bárékè àwọn sójà ò gba aya. Ojú títì ni tọkọtaya ti ń ríra: ọkọ á gbọ́wọ́ sórí, á kí aya bí sójà, aya á kọjá lọ. Nígbà tó sú Hester, ó ta ọgbọ́n kan. Gbogbo ọ̀gá ló lẹ́tọ̀ọ́ sí sójà kan tí yóò máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ilé. Ó ní Tansley lòun fẹ́, wọ́n sì fún un.

"Ó kọ́kọ́ dùn, sà," Edwin ní. "Àfìgbà tó lọ ra agogo. Ó ń fi pè mí. Mo bá ní, Hester, jọ̀ọ́, o ò rí i pé ó ti rẹ̀ mí ni? Ló bá ní mo pe ọ̀gá ní 'o', ó fẹ̀sùn kàn mí pé mo rí ọ̀gá fín. Lórí ibùsùn wa, sà."

Hester dúró gbọnrangandan. "Sájẹ́ntì Mugford wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa nígbà náà, sà. Tó bá gbọ́ 'o' yẹn, àṣírí pé à ń gbé pọ̀ tú nìyẹn."

"Agogo ńkọ́?" Kọ́nẹ́ẹ̀lì bi í.

Hester wo bàtà Edwin. "Mo bẹ ọkọ mi títí pé kó yé fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé, kò gbọ́. Mo fi agogo pàṣẹ fún ọmọ ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó bọ́ ọ. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, sà?"

Kọ́nẹ́ẹ̀lì, tóun náà níyàwó nílé, wúkọ́.

Sájẹ́ntì Mugford, tó ń yẹ ilé àwọn ọ̀gá wò, búra pé kò sí nǹkan kan láàárín àwọn méjèèjì ju iṣẹ́ lọ. Frau Oelkers, obìnrin ará Jámánì tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ní ojú sájẹ́ntì fọ́.

"Ọmọ ọ̀dọ̀ wo ló ń bínú tí ò ní jẹun?" ó bi wọ́n. "Ọ̀gá wo ló ń fi ṣíbí bẹ̀ ẹ́?"

"Mo rò pé ó ní kó bá òun tọ́ oúnjẹ náà wò ni, sà," Mugford ní, "bóyá ó ti kan."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì bi Edwin ohun tó ń fẹ́ gan-an. Edwin ti kọ́ ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe wo Hester, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ìyàwó mi ni mo fẹ́, sà. Mi ò fẹ́ ọ̀gá nílé mọ́."

"Èmi náà ò fẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́," Hester ní.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní òun ò lè sọ kọ́púrù di ọ̀gá, òun ò sì lè tú ìgbéyàwó. Ó wá dájọ́.

"Lẹ́fútẹ́náǹtì jẹ̀bi, ó fẹ̀sùn èké kan ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo tì í mọ́ yàrá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹlẹ́wọ̀n ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọmọ ọ̀dọ̀, òun ni yóò máa po tíì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ṣọ́ tọ̀sán tòru. Kọ́púrù Tansley ni ẹ̀ṣọ́ náà. Inú yàrá ni kí kọ́kọ́rọ́ wà."

Mugford fẹjú. "Tí ẹlẹ́wọ̀n bá fẹ́ sá lọ ńkọ́, sà?"

"Kó mú ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ dání."

Edwin di Hester lápá mú, bí wọ́n ṣe ń di ẹlẹ́wọ̀n mú. Wọ́n gba àárín ìlú kọjá bẹ́ẹ̀ lọ sílé, gbogbo sójà tó rí wọn sì yà lọ́nà fún wọn.