Hàntú Dókítà Tinúọlá

Nínú yàrá ìwádìí ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Oregun, oògùn pélébé méjì péré ló kù lórí àwo Tinúọlá, wọ́n fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Iná tó lọ lánàá ti ba ìyókù jẹ́. Àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án yìí. Bí kò bá yọ́ lójú wọn, wọ́n á fòpin sí iṣẹ́ náà. Ó wá bẹ Bàbá Shuaib, olùṣọ́ géètì tí orí ń fọ́ láti àárọ̀, kí wọ́n bá òun tọ́ ọ̀kan wò.

"Dókítà, bébà lèyí."

"Oògùn ni, Bàbá. Ẹ fi lé ahọ́n, á yọ́."

Bàbá gbé e sójú wíńdò, wọ́n yí i síwájú sẹ́yìn. "Ẹ ò kọ nǹkan kan sí i."

"Kí ni ǹ bá kọ?"

"Èmi mọ oògùn tí wọ́n ń kọ. Àáfà á kọ ọ́ sí wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́, a ó mu ún. Hàntú nìyẹn. Èyí tí ò sí ọ̀rọ̀ lára ẹ̀, kí ló fẹ́ sọ fún ẹ̀fọ́rí?"

"Inú bébà gan-an loògùn wà. Alágídí ni, kì í fẹ́ yọ́ nínú omi. Mo lọ̀ ọ́ kúnná kí n tó pò ó mọ́ bébà, kó lè yọ́."

"Ìjọba alágbádá yìí, kò sóhun tójú ò ní rí!" Wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n fi sẹ́nu.

"Ẹ má gbé e mì o. Ẹ má sì mu omi."

Bàbá pa ẹnu dé. Nígbà tí wọ́n yà á, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́.

"Ó ti yọ́!" Inú Tinúọlá dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ wọn.

"Ó dùn," Bàbá ráhùn. "Oògùn tí ò korò, tí a ò fi omi sìn, ta ló máa fọ̀nà orí hàn án?"

"Ó mọ̀nà, Bàbá. Ẹ jókòó ná."

Ó sáré lọ nu àga àwọn ọ̀gá. Nígbà tó fi máa padà dé, orí Bàbá ti ń fúyẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwo ti ṣófo.

"Bàbá! Ìkejì dà?"

"Mo ti fọ̀ ọ́ fún ìyàwó mi, ìyá Fàúsát." Wọ́n gbé ife omi sókè. "Orúnkún ń dùn ún. A kì í dá hàntú mu nílé wa."

Tinúọlá ká ọwọ́ lé orí. "Mo gbé o! Èyí tí mo fẹ́ fi han àwọn ọ̀gá nìyẹn!"

Fèrè mọ́tò dún lẹ́nu géètì.

"Kí lẹ fẹ́ fi hàn wọ́n lára ẹ̀?"

"Pé ó ń yọ́!"

Bàbá sún ife náà mọ́ ọn nímú. "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ rí bébà kankan níbẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Iṣẹ́ yín ti yọrí nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣí géètì. Kí wọ́n wò ó o, ṣùgbọ́n kí wọ́n má mu ún: ti ìyàwó mi ni."