Ọjọ́ Tí Mo Fèdè Fọ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé, bí mo tilẹ̀ ti sa gbogbo ipá mi láti gbàgbé rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí nígbà náà, ní àwọn ọdún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń daṣẹ́ sílẹ̀ lemọ́lemọ́. Mo gbé ìwé iṣẹ́ abẹ mi, tó nípọn bí búrẹ́dì, lọ bá ìyá mi ní Ìyànà Ọ̀fà. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú ìdánwò tó ń bọ̀ ni àwọn hòmóònù, ìyẹn àwọn èròjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti rán ikùn níṣẹ́ bí a bá jẹun. Orúkọ wọn kì í dúró lórí mi àfi tí mo bá pariwo wọn.

Ariwo pọ̀ nílé, ni mo bá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ìyá mi lọ, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo di ojú, mo ń rìn síwá sẹ́yìn, mo ń pàtẹ́wọ́. “Gásítírìn! Sìkírítìn! Kolesísítókáínìn!” Bí orúkọ kan bá fẹ́ sọnù, màá fi ìka tọ ọ̀nà oúnjẹ láti ọ̀fun wá sí àyà, títí dé ibi tó ti wọ inú àpòlúkù, ìyẹn àpò oúnjẹ. Òógùn bò mí.

Mi ò mọ̀ pé àwọn obìnrin tó wá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti dúró. Ìgbà tí mo lajú, wọ́n ti kúnlẹ̀ yí mi ká nínú aṣọ funfun. Ọ̀kan ń lu agogo. Ìyá mi ń sunkún ayọ̀.

“Ẹ̀mí ti bà lé ọmọ mi! Ó ń fèdè fọ̀!”

“Ẹ gbọ́ mi, mà…”

“Ẹ má dá a dúró, ó ṣì ń bọ̀!” ni alágogo wí. “Ẹ ò gbọ́? Ó ní síkírẹ́ẹ̀tì! Àṣírí ọ̀tá ti tú!”

“Halelúyà!”

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, kó tó di pé wọ́n ti ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Olódò síwájú. Wọ́n ti rù kan egungun. Màmá náà di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ mi, gbàdúrà fún mi. Oúnjẹ kì í lọ mọ́. Ibí ló máa ń dúró sí.” Wọ́n fi ìka kan ìsàlẹ̀ àyà wọn, ibi tí ìka tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò gẹ́lẹ́. “Ààwẹ̀ ni mo wà nítorí rẹ̀.”

Ààwẹ̀! Ẹni tí ebi ti fẹ́ẹ̀ pa tán. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé wọn lórí, wọn á padà sílé lọ gbààwẹ̀ sí i. Bí mo bá sì sọ òtítọ́, ojú á ti ìyá mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe èdè ẹ̀mí. Ìwé ni mò ń há sórí.”

Alágogo ki agogo bọ abẹ́ aṣọ. Ìyá mi tẹ orí ba. Màmá Olódò nìkan ni kò dìde.

“Ìwé kí ni?”

“Ìwé nípa ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú ara, mà.”

“Ẹni tó mọ̀ ọ́n náà ni mo kúkú ń wá.”

Mo bi wọ́n bóyá omi náà máa ń há. Wọ́n ní omi gan-an máa ń padà wá. Ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá mi mú wọn lọ sí ọsibítù ní ìgboro. Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Olódò, ìgbà náà ni wọ́n wá ní, “O dójú tì mí o. Ṣùgbọ́n o ṣe dáadáa.” Àwọn dókítà rí i pé ẹnu ọ̀nà àpòlúkù ti fún pinpin, kò fẹ́ ṣí mọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n dẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí Màmá fi ń jẹ iyán.

Ní ti ìdánwò, wọn ò bi mí ní ohunkóhun nípa hòmóònù. Egungun itan ni wọ́n bi mí! Àmọ́ mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan: mo ti há ọ̀nà oúnjẹ sórí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí pé ebi lè máa pa ẹnì kan nídìí rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àwọn ìyá kan ṣì ń kí mi pé, “Wòlíì, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀mí o!” Kí ni kí n wí? Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni, màá sì yára kọjá.