Èló Rà? Àṣẹ Baálẹ̀ Ìdí-Ahun Lórí Orúkọ Ìgbàlódé

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ahun, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń jà, kó fi ìyókù ìjà rẹ̀ dọ̀la. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo gbé dé!

Ẹ mọ Adédipò, ọmọ Ìyá Àwẹ̀ró. Fẹhìntọlá, ìyàwó rẹ̀, bí ọmọbìnrin làǹtìlanti. Ó ku ọ̀la kí wọ́n sọmọ lórúkọ ni Adédipò gbé fóònù, ó wá orúkọ ìgbàlódé jáde. Elora! Ìyá Àwẹ̀ró bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láàárọ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ ni. Lọ́sàn-án, ó ní adé àwọn áńgẹ́lì ni. Nírọ̀lẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Orúkọ ò ní ìtumọ̀ mọ́! Ibo ló ti wá? Ó ní òkè òkun ni. Òkè òkun wo? Ó ní òkè òkun náà ni.

Ìyá Àwẹ̀ró ò jà. Ó wọ ilé ìdáná, ó ń fi orúkọ náà kọ́ ẹnu bó ṣe ń lọ ata. Ata kúnná, orúkọ ò kúnná.

Ilẹ̀ mọ́. Àgbà ilé gbé ọmọ sókè, ó fi gbogbo ẹnu pè é: “Èló rà!”

Agbo ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Wọn ò rà á, wọ́n bí i ni!”

Ẹ̀rín sọ. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, mo rí yín! Fẹhìntọlá, tó ti ń fojú sọ́nà fún ọmọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, fi ìborùn bojú, ó bú sẹ́kún.

Ẹkún yẹn ló gún Ìyá Àwẹ̀ró láyà. Ó dìde, ó gba ọmọ.

Ó ní, “Ẹ̀yin aláwàdà, ẹ ní èló rà, àbí? Ta ló lówó rẹ̀ nínú yín? Kó nawọ́!”

Gbogbo ọwọ́ sá wọ abẹ́ aṣọ.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ́yájowó lorúkọ rẹ̀.”

Nítorí náà, Baálẹ̀ pàṣẹ. Ó pàṣẹ!

Ìkíní: Orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ bá ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, bàbá ọmọ yóò kọ́kọ́ fi pe adìyẹ ní gbangba. Bí adìyẹ kankan ò bá yíjú, orúkọ ṣubú!

Ìkejì: Ẹni tó bá tún bi Fẹhìntọlá pé èló rà, òun ni yóò máa fọ ìlédìí ọmọ títí ọmọ yóò fi rìn. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o!

Ìkẹta: Baálẹ̀ wa, Nebukadinẹ́sárì Adégẹṣin, ní kí ẹnikẹ́ni má bèèrè ìtumọ̀ tòun. Ẹni tó bá bèèrè, kó máa di ẹrù rẹ̀!

Ní ti Adédipò, àná ló tẹjú mọ́ ọmọ, ó pè é jẹ́jẹ́: “Ọmọ́yájowó.” Ọmọ rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá ò wá ìtumọ̀ ẹ̀rín náà lórí fóònù.

Baálẹ̀ ló rán mi. Mo ti jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán mi. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́, etí rẹ̀ ni kó bá wí!